Ìyá Bósẹ̀dé Ń Ka Ère

Àkọ́kọ́ ni obìnrin tí ilẹ̀kùn wà ní ikùn rẹ̀.
Mo ṣí i. Ààrò ló wà nínú, eérú rẹ̀ ṣì gbóná,
aago ọwọ́ bàbá rẹ̀, tó ti sọnù láti ọdún mẹ́jọ,
wà nínú eérú, ó ń lọ.
Mo ní, "Bósẹ̀dé, kí lèyí?"
Ó ní, "Iye, ẹ tì í, òtútù ń mú un."

Ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìsánlú ló ti ń ṣe é, lábẹ́ kaṣú,
níbi tí mo ti ń sá òwú nígbà tí orúnkún mi ṣì gbọ́ràn.
Sìmẹ́ǹtì Ọbájánà, àpò kan àbọ̀,
amọ̀ etí odò, sípóòkù kẹ̀kẹ́,
irun tí àwọn onídìrí gbá dànù lọ́jà.
Adìyẹ mi ti kọ̀ láti yé síbẹ̀.

Bàbá Ìpinlayé agbẹ́gilére ń bọ̀ láti oko,
ó dúró, ó ní obìnrin kì í gbẹ́gi.
Bósẹ̀dé ní, "Èmi ò gbẹ́gi, Bàbá, amọ̀ ni mo ń mọ."
Lọ́jọ́ kejì ó ra àáké.

Ìkejì ni odó tó ní eyín.
Ọmọ odó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń rò ó.
Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín títí ọ̀kan fi jókòó sílẹ̀.
Àwọn ọkùnrin ní àwọn ti pẹ́ níbi tí àwọn ń lọ.

Wọ́n ń kí i lójú ọ̀nà, "Okun o!"
bí a ti ń kí ara wa nílẹ̀ yìí láti láéláé.
Ó gbọ́ okun, ó lọ ra okùn,
ó lọ́ ọ di obìnrin tó ń fa ara rẹ̀ jáde nínú kànga.
N kò rí orí rẹ̀.
Ó ní orí ṣì wà nísàlẹ̀, ó ń bọ̀.

Ìgbìmọ̀ ọjọ́ ìlú ránṣẹ́ pè é:
kó mọ ère àwọn tó tẹ ìlú dó, kó jọ akọni.
Oṣù mẹ́ta. Ó gbé bàtà méje wá, bàtà obìnrin,
omi ń sun nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan,
gìgísẹ̀ ọ̀kan ti jẹ tán.
Akọ̀wé bèèrè pé àwọn ọkùnrin dà.
Ó ní, "Wọ́n wà lẹ́yìn. Wọ́n pọ̀n wọ́n ni."
Wọn kò san ìdajì owó tó kù.
Bàtà náà wà nílé ìwòsàn aboyún báyìí,
àwọn tó ń dúró de nọ́ọ̀sì ń fi omi rẹ̀ bọ́jú.

Lọ́jọ́ Sátidé àwọn ọmọ máa ń kún gbọ̀ngàn kóòtù àtijọ́,
ọmọbìnrin mọ́kànlá, àti Jùwọ́n ọmọ wẹ́dà.
Ó ní kí wọ́n mọ ohun tí wọ́n lá lóru.
Wọ́n ní àwọn kò rántí.
Ó ní kí wọ́n mọ ohun tí wọn kò rántí.
Ẹ wá wo nǹkan! Ìgbín olójú mẹ́rin,
ilé tó lóyún,
ìyàwó tó gbé òkè rù lọ sílé ọkọ
tó sì tún rù ú padà wálé.

Mo lè sọ pé ó yé mi. Irọ́ ni.
Àmọ́ lẹ́ẹ̀rùn tó kọjá ó ní, "Iye, ẹ yá mi lọ́wọ́,"
ó ti ọwọ́ mi méjèèjì bọ sìmẹ́ǹtì funfun.
Ó tutù. Ó wá gbóná.
Ìgbà tí màá tún rí wọn, wọ́n wà lórí òfì mi àtijọ́
tí ikán ti ń jẹ lẹ́sẹ̀,
ọwọ́ láìsí ara, wọ́n ń hun irun di aṣọ pupa.

Wọ́n gbé e lọ sí Kábbà, sí àfihàn inú ilé ìkàwé.
Mo wọ bàtà mi tó dára, mo dúró létí ògiri.
Obìnrin kan wò ó pẹ́. Ó ní, "Ọwọ́ ta rèé?
Ẹni yìí ò sinmi rí."
Mo ki ọwọ́ mi sábẹ́ ìró.
Wọ́n ń jà níbẹ̀, bí ẹja inú agbọ̀n.